Dúdúdán Tí Mo Gbé Wá Láti Ute

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa sọ àbúrò mi lórúkọ, òórùn kòkó ló jí mi. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ mọ òórùn tí mò ń sọ. Kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí wọ́n kó sínú apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ó máa ń kan díẹ̀ bí ọtí, ó tún máa ń ta sánsán bíi búrẹ́dì gbígbóná. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ yẹn, ètè gbogbo wa ti là. Ṣùgbọ́n èmi ò gbọ́ òtútù kankan. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi Màmá àgbà, èmi nìkan ni mo ní i ní gbogbo ìlú. Èmi nìkan o! Ọmọ tíṣà ò ní i, ọmọ ọlọ́jà ò ní i. Dúdúdán ni.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, torí èmi kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Orúkọ òyìnbó gígùn kan ló wà lára ọ̀rá ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pè é. Ó gùn tó ìka àárín àgbàlagbà, ó dúdú, ó ń dán, la bá kúkú sọ ọ́ ní Dúdúdán. Ọ̀rá pupa ló wà níta, bébà tó ń kọ mànà bíi fàdákà wà nínú. Wọ́n ya màlúù kan sí ara ọ̀rá náà, màlúù yẹn ń rẹ́rìn-ín. Torí ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe gbà pé ara màlúù ló ti ń jáde. Èmi gan-an ni mo là á yé wọn ní kíláàsì. Mo ní màlúù funfun ló ń fún òyìnbó ní mílíìkì, màlúù dúdú ló ń fún wọn ní Dúdúdán. Kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn.

Ọ̀wọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bàbá mi gbé kòkó gbígbẹ sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n ń lọ tà á, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Bá a ṣe dé ọjà, mọ́tò kọ́ńpìnì kan dúró síbẹ̀, gbohùngbohùn wà lórí ẹ̀, ó ń pariwo. Sìsí kan tó dé fìlà pupa ń gé nǹkan kékeré-kékeré fún àwọn ọmọdé. Mo na ọwọ́, ó já a lé mi lọ́wọ́, mo jù ú sẹ́nu.

Kí n tó gé e jẹ, ó ti yọ́.

Mo dúró sójú kan. Mo rò pé nǹkan ti ṣe mí. Mo ti jẹ súìtì rí, mo ti jẹ ìrèké, mo ti jẹ gúgúrú oníṣúgà, àmọ́ kò sí èyí tó tíì fúnra ẹ̀ sá wọ ọ̀fun mi lọ rí. Bàbá mi wojú mi. "Fẹ́mi, ṣé o ti ya odi ni?" Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá la ẹnu, adùn yẹn á sá jáde.

Kò pẹ́ tó fi dé Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò sí. Àwọn ọmọbìnrin ń fi ọ̀rá ẹ̀ ṣe òrùka, àwa ọkùnrin ń fi bébà fàdákà inú ẹ̀ bo eyín, ká lè dà bí olówó. Ọmọ tí kò bá ní ọ̀rá Dúdúdán nínú ìwé ẹ̀, ta ló fẹ́ bá a ṣeré? Èmi ní tèmi púpọ̀. Kì í ṣe pé mo jẹ gbogbo ẹ̀ o, mo máa ń ṣà á nílẹ̀. Àmọ́ ta ló mọ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ńlá ni àwo ìsọmọlórúkọ.

Nílé tiwa, oyin kì í wọ àwo yẹn. Wọ́n ní oyin lé bàbá ńlá wa wọ odò lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ ẹ̀ lórúkọ, látìgbà náà ló ti di èèwọ̀. Ààdùn ni tiwa. Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, ló máa ń ṣe é. Wọ́n á yan àgbàdo, wọ́n á lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí á fi kúnná bí àtíkè, wọ́n á wá pò ó mọ́ epo. Ọmọ tí ọmọ tuntun tẹ̀ lé ló máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ mú un kan ètè ìkókó. Wọ́n ní bó bá ṣe dùn lẹ́nu ọmọ lọ́jọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò máa ṣe dùn síra wọn títí ayé. Tí adùn bá ti wá yẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìjà ni wọ́n á máa jà títí wọ́n á fi darúgbó. Gbogbo àdúgbò ló gba èyí gbọ́, ààdùn Màmá àgbà ni wọ́n sì ń wá gbà.

Tíṣà kan tó wá láti Àkókó háyà ilé tó dojú kọ tiwa. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, Bùnmi, wà ní kíláàsì mi, ó sì lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n sọ àbúrò ẹ̀ lórúkọ, wọn ò wá gba ààdùn. Dúdúdán ni Bùnmi yọ jáde! Ó gé e sí méjì, ó fi kan ètè ọmọ, gbogbo ilé hó yèè. Wọ́n ní ọ̀làjú ti dé. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè ààdùn. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín mọ́." Ìyá mi náà sọ ọ́. Màmá àgbà dìde. Wọ́n fọ ọlọ wọn, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé, wọ́n da ojú ẹ̀ bolẹ̀. Adìyẹ wá ń sùn lórí ẹ̀.

Nígbà tí oyún ìyá mi hàn, mo dìde ní kíláàsì. Mo ní, "Ẹ gbọ́ o! Odindi ni tèmi máa jẹ́. Kì í ṣe ìdajì bíi ti àwọn kan."

Bùnmi ní, "A máa rí i. Ẹnu ẹ kì í sinmi."

"Wá wò ó lọ́jọ́ náà. Kó gbogbo àwọn ẹbí ẹ wá láti Àkókó."

Bàbá mi gbọ́ nípa ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún mi, wọ́n tún un sọ lọ́jọ́ yẹn: "Fẹ́mi, ẹnu ẹ yá ju ẹsẹ̀ ẹ lọ. Ó ní ibi tí ẹnu ẹ máa dé lọ́jọ́ kan tí ẹsẹ̀ ẹ ò ní bá a." Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n mọ̀? Dúdúdán ń bẹ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ó dọjọ́ kan, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lórígun títì wa. "Kò sí." Mo lọ sí èkejì. "Kò sí." Mo ní ìgbà wo ló ń bọ̀. Ìyá tó ń tajà ní, "Wọn ò gbé e wá mọ́." Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Nǹkan tó wà níbi gbogbo lánàá! Ẹnì kan ní ilé iṣẹ́ wọn ló jóná. Òmíràn ní òyìnbó tó ni ín ló bínú lọ. Òmíràn tún ní wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Bí èèyàn bá kú, wọ́n á sunkún, wọ́n á sọ fún ará ilé. Dúdúdán kàn lọ, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Títí dòní, tí mo bá rántí ẹ̀, ẹnu máa ń yà mí.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá mi fi bí. Ọmọkùnrin ni. Wọ́n dá ọjọ́, ọjọ́ ń sún mọ́lé, Bùnmi ń fojú wá mi ní kíláàsì. Mo lọ bá Bọ̀dá Délé, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ń gun ọ̀kadà. Wọ́n wá a títí ní Ọ̀wọ̀, kò sí. Wọ́n ní ẹnì kan tiẹ̀ bi àwọn léèrè pé ṣé ojú àlá ni àwọn ti rí i. N ò lè jẹun mọ́. Ìyá mi ní kí n fi gúgúrú sí i, kò burú. Gúgúrú! Níwájú Bùnmi!

Nígbà tó ku ọ̀la, Bọ̀dá Délé ń gbé ìyá kan lọ sí Ute. Mo bẹ̀ wọ́n, mo jókòó sórí táńkì níwájú, ìyá yẹn wà lẹ́yìn pẹ̀lú adìyẹ ẹ̀. Eruku pupa bo ojú mi. Bá a ṣe wọ Ute, ojú mi ń jà yíká, mo bá rí i. Ó so rọ̀ lórí okùn níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, láàárín ọṣẹ àti bátìrì. Ọ̀rá pupa. Màlúù tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ké débi pé adìyẹ yẹn já bọ́.

Ọmọbìnrin kan tí kò jù mí lọ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá mi ti lọ sóko," ló wí. "Ẹyọ kan yìí nìkan ló kù."

"Tà á fún mi!"

Ó wo òkè, ó wò mí. "N ò mọ̀ bóyá wọ́n ń tà á o."

Bọ̀dá Délé ní, "Àǹtí kékeré, bí wọn ò bá ń tà á, kí ló ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń tajà?"

Ọmọ náà rò ó. Ló bá mú sísọ́ọ̀sì, ó gé okùn.

Ẹ wo bí mo ṣe wọ Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ yẹn! Mo ní kí Bọ̀dá Délé máa fọn fèrè. Ẹ sì mọ̀ pé ooru kì í jẹ́ kí Dúdúdán dúró, ó máa ń yọ́. Ni mo bá tẹ́ akísà tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, mo tẹ́ ẹ sórí ẹ̀ bí ọmọ tuntun, mo ń bu omi wọ́n akísà yẹn. Ìyá mi ní a ò gbọdọ̀ ṣí i kí oòrùn má bàa wọ̀ ọ́. Àwọn ará ilé ń wá wò ó. Àbúrò ìyá mi gbé e sí imú, ó fa á dáadáa, ó ní, "Háà, òórùn ẹ̀ ti wọ̀ mí lágbárí!" Bàbá mi gbé e, wọ́n fi ìka gbá a. "Ó mà le o." Mo ní ọyẹ́ ni. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni, ọyẹ́ yìí mú." Màmá àgbà jókòó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan péré. "Ṣé òun náà nìyẹn?" Wọ́n tún ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Ìdí nìyẹn tí n ò ṣe gbọ́ òtútù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ títí ó fi le, mo ki Dúdúdán bọ àpò àyà, mo jẹ́ kí orí ẹ̀ yọ síta. Ilé kún. Gbogbo kíláàsì mi wá, Bùnmi dúró níwájú pátápátá. Àlùfáà ìjọ wa gbàdúrà sí omi, wọ́n gbàdúrà sí iyọ̀, wọ́n gbàdúrà sí obì àti orógbó. Wọ́n pe orúkọ ọmọ: Olúwaṣeun. A dáhùn. Wọ́n wá ní, "Ó yá, ẹ̀gbọ́n ọmọ, mú adùn wá."

Mo gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Mo rọra ya ọ̀rá pupa, n ò kánjú rárá lọ́jọ́ yẹn. Mo tú bébà fàdákà.

Igi ni.

Mo ní igi! Igi tí káfíńtà fá, tó ń dán, ilà pẹ́ńsù ṣì wà lára ẹ̀. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún. Mo rò pé bóyá ọyẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Mo gé e jẹ níwájú gbogbo ìjọ. Eyín mi dún káù.

Àlùfáà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un gbé wọ̀. Etí mi ń hó. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé ló dojú rú. Ta ló fi igi wé ọ̀rá? Nítorí kí ni?

Bùnmi ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Yéè! Ó fẹ́ fi igi sọ àbúrò ẹ̀ lórúkọ! Aṣẹ́gità!"

Ẹ̀rín bú. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbá ọmọ mọ́ra, omi ti ń bọ́ lójú wọn. "Wọ́n á máa jà ni. Àwọn méjèèjì á máa bára wọn jà títí ayé." Ẹnì kan sáré wọlé lọ wá ṣúgà, àlejò ti fi mu tíì tán. Gbogbo ojú bá yí sí Màmá àgbà. Bàbá mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ààdùn yín dà?"

Gbogbo wa rò pé wọ́n á tú ìṣẹ́po aṣọ, wọ́n á yọ ọ́ jáde. Ṣé bí àgbà ṣe máa ń ṣe nìyẹn? Màmá àgbà na ọwọ́ méjèèjì síta. Òfìfo.

"Ààdùn wo? Ẹ̀yin lẹ ní kí n má dààmú ara mi. N ò sì dààmú ara mi."

Èyí ya wá lẹ́nu ju igi lọ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kàn ń gbá ilẹ̀kùn mọ́ra, gbàà, gbàà.

Màmá àgbà bá dìde. "Ohun a ní là ń náání. Délé, lọ ẹ̀yìn ilé, já kòkó tó pọ́n dáadáa wá."

Àlùfáà ní, "Kòkó kẹ̀, Màmá? A ò fi kòkó sọ ọmọ lórúkọ rí."

"Kí ló ń bọ́ wa nílé yìí? Ta ló rán bàbá ọmọ níléèwé? Ta ló kan páànù tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ẹ̀? Nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀ghọ̀, kí lẹ ní ká dá?" Bí wọ́n ṣe máa ń pe Ọ̀wọ̀ nìyẹn. "Kòkó lẹ ní ká dá. Ẹ ò bi mí nígbà náà bóyá ó yẹ."

Bọ̀dá Délé já a wá, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Màmá àgbà fi kùmọ̀ lù ú, ó là sí méjì, ohun funfun inú ẹ̀ ń yọ̀, ó ń dán. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la máa ń pọ́n ọn lá lóko, a kì í tiẹ̀ kà á sí nǹkan kan. Wọ́n ní kí n fọ ọwọ́. Mo mú hóró kan, mo fi kan ètè àbúrò mi díẹ̀ báyìí. Ó kọ́kọ́ fajú ro. Ó wá yọ ahọ́n kékeré ẹ̀, ó lá a. Ó tún lá a. Ó tún na ètè síta, ó ń wá a.

Àlùfáà ké, "Bí kòkó ṣe ń so láti ẹ̀ka títí kan ìdí igi, ayé ẹ á so bẹ́ẹ̀, kò níbi tó máa ṣófo!" Àmín yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù. Ìyá mi nu ojú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi dìgbò lu kòkó tó kù. Bùnmi pọ́n hóró mẹ́ta lá, ó tún ń wò mí kí n fún un sí i. Màmá àgbà gba igi lọ́wọ́ mi, wọ́n ki í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn tó ń gbára mọ́ra. Ilẹ̀kùn dákẹ́.

Ìgbà tí Bọ̀dá Délé padà dé Ute ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù rí wọn. Ariwo ló fi kí wọn! Ó ní òun ti ń wá igi òun kiri. Oòrùn ló ń yọ́ Dúdúdán tí wọ́n bá fi síta, ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù ṣe ń ní kí káfíńtà gé igi fún wọn, wọ́n á fi ọ̀rá wé e, wọ́n á so ó kọ́ kí oníbàárà lè mọ̀ pé ó wà nílé. Ojúlówó á wà nínú kúlà. Àgbàlagbà ọlọ́jà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tiẹ̀ gan-an ò mọ̀. Ó dá owó wa padà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti pa iléèwé tì, mi ò ní sùúrù fún ìwé. Èmi náà ń gun ọ̀kadà báyìí, Ọ̀wọ̀ sí Ute, Ute sí Afo, kò sẹ́ni tó yára jù mí lọ. Ẹ bèèrè. Olúwaṣeun ló ń kàwé. Kòkó ni gbogbo ilé ń pè é, ó ti ga jù mí lọ. A ò jà rí, àfi tá a bá ń du fóònù. Màmá àgbà kú láìyí ojú ọlọ yẹn sókè mọ́. Nígbà tí ará ilé ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó kú pé kí wọ́n ṣe ààdùn, wọ́n ní apá àwọn ò gbé e mọ́. Ìyá mi gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iyanrìn ló dà. Ohun méjì ló lọ mọ́ wa lọ́wọ́, ọ̀kan péré ni mo sì wá kiri nígbà yẹn.

Lọ́dún yìí ni Kòkó sọ̀rọ̀ kan, à ń sá kòkó lọ́wọ́ pẹ̀lú bàbá wa. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ mọ̀ pé inú kòkó yìí ni wọ́n ti ń ṣe irú Dúdúdán yẹn?"

Ọwọ́ mi dúró. Kòkó? Tiwa tá à ń gbé lọ tà ní Ọ̀wọ̀? Òun náà ló ń lọ, tó ń wọ ọ̀rá pupa, tó ń padà wá? Kí wá ni iṣẹ́ màlúù níbẹ̀? Mo wo bàbá mi, ẹnu tiwọn náà ò padé. Mo ní, "Ta ni ò mọ ìyẹn?" Mo tún ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó lọ.

Èmi ọmọdé ìgbà yẹn gba gbogbo ohun tó bá ti ń dán gbọ́, ó tún ń wọ́n omi sí i kó má yọ́. Èmi òní, tí wọ́n bá gbé ohun tí wọ́n fi ọ̀rá wé fún mi, èékánná ni mo kọ́kọ́ ń fi tẹ̀ ẹ́. Ó kù díẹ̀ kí ìyàwó mi bí, mo sì ti ń sọ fún gbogbo ọlọ́kadà ní páàkì pé irú ìsọmọlórúkọ tí mo máa ṣe, Ọ̀wọ̀ ò rí i rí. Mo sọ ọ́ nílé náà níjọ́sí, níwájú bàbá mi. Kòkó jókòó nídìí ilẹ̀kùn. Ó kàn na ẹsẹ̀, ó fa igi yẹn yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó rọra fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tì í wá síwájú mi.